Ọkà, Ẹnubodè àti Èrò Adam Smith

Láàárín nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún, láti bí ọdún 1760 títí di ọdún 1850, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní ilẹ̀ Faransé, Skọ́tlándì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé lórí ohun tó ń mú kí orílẹ̀-èdè kan là kí òmíràn sì tòṣì, ìwé wọn ló sì di ìpìlẹ̀ ohun tí wọ́n ń kọ́ lónìí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga lábẹ́ orúkọ ìmọ̀ ọrọ̀-ajé. Adam Smith, ẹni tí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ọrọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè jáde ní oṣù kẹta ọdún 1776, ni gbogbo ayé mọ̀ jù nínú wọn. Thomas Malthus tó jẹ́ àlùfáà tẹ̀lé e pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lórí iye ènìyàn ní ọdún 1798. David Ricardo, ẹni tó ti fi òwò owó di olówó ní London, tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní ọdún 1817. John Stuart Mill sì kó èrò gbogbo wọn jọ sínú ìwé kan ní ọdún 1848. Àwọn ìran tó dé lẹ́yìn wọn ló sọ wọ́n ní àgbà onímọ̀ ọrọ̀-ajé, nítorí pé kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ lórí owó, òwò tàbí owó iṣẹ́ lẹ́yìn wọn tí kò ní gba ẹ̀yìn wọn kọjá. Ohun tí wọ́n jiyàn lé lórí pọ̀ ju ohun tí ọ̀rọ̀ àsọyé kan lè gbà lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè yẹ̀ sílẹ̀ fún, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ ọkà: ta ni ó yẹ kó máa tà á, iye wo ni ó yẹ kó jẹ́, àti pé ṣé ó tọ́ kí ìjọba dí ẹnubodè nígbà tí ebi bá ń pa ará ìlú. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ètò yìí yóò dì mú, nítorí pé ó kan ará Maourey gbọ̀ngbọ̀n.

Maourey jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlú Niamey, ó sì wà ní àárín ìlú ní apá òsì odò Niger. Ẹni tó bá ń se oúnjẹ ní àdúgbò náà, ì báà jẹ́ Zarma, Hausa, tàbí ọmọ Yorùbá tó bá òwò wá láti Nàìjíríà tàbí láti Benin, mọ̀ pé jéró tí wọ́n ń fi igbá tiya wọ̀n fún òun kò hù ní Niamey, pé ìrẹsì tí òun ń rà ti lè gba èbúté Cotonou wọlé kó sì kọjá lórí afárá tó so Malanville pọ̀ mọ́ Gaya, àti pé àgbàdo inú àpò lè ti kúrò ní Kánò láti inú ọjà Dawanau, ibi tí òwò ọkà pọ̀ sí jù ní gbogbo agbègbè yìí. Smith fúnra rẹ̀ ti sọ nínú apá kìíní ìwé rẹ̀ pé ohun tó fà á tí àárín gbùngbùn Áfíríkà fi wà lẹ́yìn ni pé àwọn odò ńlá rẹ̀ jìnnà sí ara wọn jù, ọkọ̀ ojú omi kò sì lè gbé ẹrù láti ìlú kan sí òmíràn ní owó pọ́ọ́kú, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n tí ọjà bá gbòòrò dé ni ènìyàn lè fi pín iṣẹ́ dé, kí ẹnì kan máa hunṣọ nígbà tí ẹlòmíràn ń gbin ọkà. Niamey jókòó sí etí odò tó ga lọ́lá, síbẹ̀ àwọn àpáta inú rẹ̀ kò jẹ́ kí ọkọ̀ gba inú odò náà láti Niamey dé òkun. Nítorí náà, owó dísù, owó taya àti owó tí wọ́n ń san ní ojú títì wà nínú gbogbo tiya jéró tí wọ́n ń tà ní ọjà Katako ní Niamey.

Ní ìgbà ayé Smith, apá tó pọ̀ jù nínú owó tí tálákà Yúróòpù ń rí ni ó ń fi ra búrẹ́dì, ẹ̀rù ìjà búrẹ́dì sì máa ń ba ọba. Ìyẹn ló mú kí òfin pọ̀ lórí ọkà. Ní ilẹ̀ Faransé, oníṣòwò ọkà gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kò gbọ́dọ̀ tajà níbòmíràn àfi ní gbangba ọjà, a sì lè fi ipá mú un láti ta ohun tó kó pamọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan tó ti wà láti ọdún 1552 ka ẹni tó bá ra ọkà láti tún un tà sí ọ̀daràn, ọdún 1772 ni wọ́n tó fagi lé e. Aláròóbọ̀ tí ó jẹ́ òpó òwò lójú àwa Yorùbá ni àwọn òfin wọ̀nyí ń lé kiri.

Smith wo àwọn òfin náà, ó sì sọ pé òdìkejì ohun tí wọ́n fẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Àlàyé rẹ̀, tó wà nínú apá kẹrin ìwé náà, ni pé nígbà tí ìkórè kò bá dára, oúnjẹ tó wà nílẹ̀ kò lè dé òpin ọdún bí àwọn ènìyàn bá ń jẹ ẹ́ bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, ó sì yẹ kí ohun kan mú kí wọ́n fún ọwọ́ mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má baà jẹ ẹ́ tán ní oṣù mẹ́jọ kí wọ́n wá fi oṣù mẹ́rin gba ààwẹ̀ tí kò ní ìṣínu. Oníṣòwò ọkà ló ń ṣe iṣẹ́ yìí lójú Smith, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrè ara rẹ̀ nìkan ló ń lé, torí pé bó bá ti rí i pé ìkórè kéré ló máa fi owó lé ọjà, ọ̀wọ́n yẹn ni yóò sì mú kí ìdílé kọ̀ọ̀kan máa bu ọkà níwọ̀nba nígbà tí àká ṣì ní nǹkan nínú. Smith fi í wé ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tó rí i pé oúnjẹ inú ọkọ̀ kò ní tó dé èbúté, tó sì dín ìpín àwọn atukọ̀ kù kí ó tó pẹ́ jù. Bí oníṣòwò náà bá fi owó lé ọjà jù, ọkà yóò kù sí i lọ́wọ́ títí ìkórè tuntun yóò fi dé bá a, yóò sì jẹ gbèsè. Bí kò bá fi owó lé e tó, ọjà á ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ kí àkókò tí ó wọ́n jù lọ tó dé, èrè á sì fò ó. Láti ibẹ̀ ni Smith ti fa ọ̀rọ̀ tó le jù nínú gbogbo orí náà yọ, pé àìtó oúnjẹ lè wá láti ọwọ́ òjò tàbí ogun, ṣùgbọ́n ohun tó sọ àìtó di ìyàn ní Yúróòpù ní ọgọ́rùn-ún ọdún tirẹ̀ àti méjì tó ṣáájú rẹ̀ kò ju pé ìjọba fi ipá gbìyànjú láti wo àìtó náà sàn lọ́nà tí kò yẹ. Ó ní ìbẹ̀rù tí àwọn ará ìlú ní sí oníṣòwò ọkà kò yàtọ̀ sí ìbẹ̀rù àjẹ́, àti pé àwọn tí wọ́n fi ẹ̀sùn náà kàn kò jẹ̀bi ju àwọn tí wọ́n pè ní àjẹ́ lọ.

Àríyànjiyàn náà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Smith. Àwọn Mùsùlùmí tó ń gbọ́ ètò yìí mọ ìtàn inú Hádíìsì pé nígbà tí ọjà wọ́n ní Mẹ̀dínà tí wọ́n bẹ Òjíṣẹ́ Ọlọ́run pé kó dá iye lé e, ó kọ̀, ó ní Ọlọ́run ló ń gbé iye sókè tó sì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Wọ́n sì mọ̀ pẹ̀lú pé ó dẹ́bi fún ẹni tó bá kó oúnjẹ pamọ́ dúró de ọ̀wọ́n. Ibn Khaldun ti ilẹ̀ Tunis, tó kọ ìwé rẹ̀ ní ọdún 1377, sọ pé kíkó ọkà pamọ́ láti tà á ní àsìkò ọ̀wọ́n kò ṣe ènìyàn lóore. Ohùn méjèèjì yìí, kí a má dá iye lé ọjà àti kí a má kó oúnjẹ pamọ́, jọ wà nínú ẹ̀sìn kan náà láìtako ara wọn, nígbà tí Smith mú èyí àkọ́kọ́ tó sì fi ẹ̀rín lé ìkejì lọ.

Ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tó fi èrò òmìnira ọkà yìí ṣe iṣẹ́ kí Smith tó kọ ọ́ ni Anne Robert Jacques Turgot, ẹni tí Smith bá pàdé ní Paris ní ọdún 1766. Turgot jẹ́ aṣojú ọba ní agbègbè Limoges láti ọdún 1761, ìyàn sì bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1770. Kò gbà kí wọ́n dí ojú ọ̀nà ọkà, kò gbà kí wọ́n dá iye lé e, ṣùgbọ́n ó tún ṣe ohun mìíràn tí àwọn tó ń yin òwò òmìnira kì í sábà rántí: ó dá iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, títì ni wọ́n ń là, wọ́n sì ń san owó fún tọkùnrin tobìnrin tó bá wá síbẹ̀, kí wọ́n lè rí ohun tí wọn yóò fi ra ọkà tí oníṣòwò bá kó dé. Nígbà tó wá di mínísítà ìṣúná gbogbo ilẹ̀ Faransé, ó sọ òwò ọkà di òmìnira ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1774. Ìkórè ọdún náà kò dára, ìjà búrẹ́dì tí ìtàn ń pè ní Ogun Ìyẹ̀fun sì bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún ọdún 1775, nígbà tó sì fi máa di oṣù karùn-ún ọdún 1776, wọ́n ti lé Turgot kúrò lórí oyè. Ohun tó ṣe ní Limoges jẹ́ ohun méjì tó so pọ̀, òmìnira fún ọkà àti owó iṣẹ́ fún ẹni tí ebi ń pa. Ní Paris, èyí àkọ́kọ́ ni ó ráyè gbé kalẹ̀ dáadáa.

Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí orílẹ̀-èdè Niger, ìdílé àgbẹ̀ máa ń kórè jéró ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, gbèsè, owó ilé-ìwé àti ìnáwó ìgbéyàwó sì máa ń mú kí ó ta lára rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń tà tí iye rẹ̀ sì wálẹ̀. Nígbà tó bá di oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, èyí tí ará Niamey ń pè ní soudure, tí àká ti gbẹ tí ti tuntun kò sì tíì gbó, àgbẹ̀ kan náà yóò padà wá sí ọjà láti ra ohun tó tà, ní iye tó ti fò sókè. Àgbẹ̀ tó gbin ọkà yìí jẹ́ oníbàárà ọkà ní apá kan ọdún, èyí kò sì sí nínú àwòrán tí Smith ń wò, níbi tí àgbẹ̀ ti dúró lápá kan tí ẹni tó ń ra búrẹ́dì sì dúró lápá kejì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni àwọn darandaran wà, tí ọkà wọn wà lẹ́sẹ̀ màlúù àti ewúrẹ́ wọn, nítorí pé ẹran ni wọ́n ń tà kí wọ́n tó lè ra jéró.

Ìjọba Niger dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1970, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ OPVN, kí ó máa ra ọkà kó sì máa tò ó sí àká ìjọba. Kò pẹ́ tí ọ̀dá ńlá Sahel dé, ebi mú gan-an ní ọdún 1973, ẹ̀sùn sì gbilẹ̀ pé àwọn ènìyàn ìjọba ń jẹ nínú oúnjẹ ìrànwọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1974, ológun Seyni Kountché gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Diori Hamani. Ọ̀rọ̀ ọkà ti gbé ìjọba ṣubú ní Niamey gẹ́gẹ́ bó ti gbé mínísítà ṣubú ní Paris.

Ṣùgbọ́n ọdún 2005 ni wọ́n gbé èrò Smith sórí òṣùwọ̀n jù lọ. Ní ọdún 2004, eṣú àti ọ̀dá jọ kọlu oko, wọ́n sì ṣírò pé ọkà tó dín sí ohun tí orílẹ̀-èdè nílò tó nǹkan bí 223,000 tọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá wo ìkórè náà lápapọ̀ yóò rí i pé kò burú tó ti ọdún 1984, nítorí ohun tó dín lára rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ti ọdún tó bá dọ́gba. Síbẹ̀ iye jéró lọ sókè débi tí ọwọ́ tálákà kò lè tó o mọ́ ní Maradi, Zinder, Tahoua àti Tillabéri. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ ìrànwọ́ MSF nìkan tọ́jú àwọn ọmọdé tó lé ní 60,000 tí àìjẹunkánú ń pa lọ ní ọdún náà, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ti agbègbè Maradi, tí í ṣe ibi tí ọkà ti ń hù dáadáa ní orílẹ̀-èdè náà. Ní oṣù kẹta, ìjọba ti gbìyànjú láti fi owó-orí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún lé ìyẹ̀fun àti wàrà, àwọn ará ìlú sì tú jáde sí ìgboro Niamey títí ìjọba fi yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ní oṣù kẹfà, wọ́n tún tú jáde, wọ́n ní kí ìjọba pín ọkà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìjọba àti àwọn olùrànwọ́ láti òkè òkun kọ̀ ní àkókò yẹn. Wọ́n ní ẹ̀dínwó ni àwọn yóò fi tà á, torí pé ọ̀fẹ́ yóò da ọjà rú. Oṣù kẹjọ ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri, nígbà tí àwòrán àwọn ọmọ Maradi ti kárí ayé.

Kí ni oníṣòwò ṣe ní ọdún náà? Ohun tí Smith sọ pé yóò ṣe ló ṣe. Ìkórè kò dára ní ìhà àríwá Nàìjíríà pẹ̀lú, iye ọkà ní Kánò àti Katsina sì ga, nítorí náà jéró àti ọkà bàbà tó máa ń ti Nàìjíríà wọ Niger lọ́dọọdún dín kù, òmíràn sì gba òdìkejì ọ̀nà, láti Maradi lọ sí Nàìjíríà. Oníṣòwò gbé ọkà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń san owó tó pọ̀. Kò sí àjẹ́ nínú rẹ̀, kò sì pọn dandan kí ẹnikẹ́ni kó ohunkóhun pamọ́. Èrò Smith ni pé oníṣòwò yóò máa gbé ọkà láti ibi tó ti pọ̀ lọ sí ibi tó ti wọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìhà méjèèjì ló ti wọ́n, ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ni ọkà náà gbọ́ tirẹ̀.

Ìdáhùn sí èyí wà nínú ìwé Smith fúnra rẹ̀, ní orí keje apá kìíní, ó sì dàbí ẹni pé àwọn tó bẹ̀rù ní ọdún 2005 pé ọ̀fẹ́ yóò da ọjà rú kò ṣí ojú ìwé náà. Níbẹ̀ ni ó ti ya ìbéèrè ọjà sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni ìfẹ́ lásán, irú èyí tí tálákà lè ní sí ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin mẹ́fà. Èkejì ni ìbéèrè tí owó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní èkejì yìí nìkan ni ọjà ń gbọ́, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò gbé ọjà wá nítorí ìfẹ́ lásán. Smith fi ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin ṣe àpẹẹrẹ, kò fi oúnjẹ ṣe é. Bí ènìyàn bá mú ọkà jéró sí ipò ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin náà, gbogbo ìyàn Maradi á yéni kedere: ebi ìyá ọmọ náà kì í ṣe ìbéèrè lójú ọjà, nígbà tí adìyẹ tí wọ́n ń fi ọkà bọ́ ní Kánò ní olówó lẹ́yìn.

Ti àwọn darandaran tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí koríko gbẹ, ẹran wọn rù, gbogbo wọn sì sáré kó ẹran lọ sí ọjà kí ó tó kú, iye ewúrẹ́ sì já ní ọjọ́ tí iye jéró ń fò. Ewúrẹ́ kan tó ń mú ọkà tí ìdílé yóò jẹ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ wálé tẹ́lẹ̀ kò wá lè mú tó bẹ́ẹ̀ wálé mọ́. Darandaran náà kò pàdánù oko ọkà kankan, síbẹ̀ ebi pa á. Amartya Sen, ọmọ Íńdíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1998, ti ṣàlàyé irú èyí nípa àwọn darandaran Sahel nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1981, ó sì fi hàn pé ìyàn lè pa ènìyàn níbi tí oúnjẹ wà, bí ohun tí ẹni náà ní láti fi pààrọ̀ oúnjẹ bá ti di yẹpẹrẹ.

Malthus, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ju pé ó bẹ̀rù ọmọ bíbí lọ, tí wọ́n sì máa ń fi orúkọ rẹ̀ na Niger ní pàṣán nítorí pé obìnrin ibẹ̀ ń bímọ ju ti orílẹ̀-èdè púpọ̀ lọ, ni ó sún mọ́ òtítọ́ yìí jù nínú àwọn àgbà náà. Ní ọdún 1800, ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde lórí ìdí tí oúnjẹ fi wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti rin ìrìn-àjò dé ilẹ̀ Sweden ní ọdún 1799, ó sì rí i pé àìtó ibẹ̀ pọ̀ ju ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fò sókè jù. Ó ní ohun tó fà á ni pé àwọn ìjọ àdúgbò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi owó lé owó tálákà lọ́wọ́ bí búrẹ́dì bá ti ń wọ́n, èyí tó mú kí tálákà máa bá olówó du ọkà, tí ọ̀wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Kò bínú sí i. Ó ní ètò yẹn ni kò jẹ́ kí ebi pa àwọn tálákà kú, nítorí pé ó pín àìtó náà káàkiri. Ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ìyàlẹ́nu lẹ́nu ẹni tó ti tako ìrànwọ́ fún tálákà ní ọdún méjì ṣáájú, ó sì dùn mọ́ni pé Sen padà sí ìwé pẹlẹbẹ náà.

Àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Malthus kò gbọ́ apá yìí. Charles Trevelyan, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Haileybury níbi tí Malthus ti ń kọ́ni, ló wà nídìí owó ìrànwọ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí àrùn ba ọ̀dùnkún ilẹ̀ Ireland jẹ́ láti ọdún 1845, tí nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn sì kú nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń kó ọkà jáde ní èbúté. Ní Orissa ní ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1866, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dúró de oníṣòwò tí kò dé. Mill ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìjọba lè fi owó ara rẹ̀ wá oúnjẹ láti ibi tó jìnnà bí ìdí kan bá wà tí oníṣòwò kò fi ní ṣe é, ṣùgbọ́n gbólóhùn kúkúrú ni ó wà nínú ìwé ńlá. Lẹ́yìn ọdún 1880 ni ìjọba Íńdíà tó fi ìlànà tó jọ ti Turgot sínú òfin ìyàn wọn, pé kí wọ́n gba ẹni tí ebi ń pa síṣẹ́ kí wọ́n sì san owó fún un.

Ní Niger pàápàá, wọ́n ti gbìyànjú ohun tó jọ èyí, fífi owó lé ẹni tí ebi ń pa lọ́wọ́. Ní ọdún 2010, lẹ́yìn tí ìkórè tún bàjẹ́, wọ́n pín owó fún àwọn ìdílé ní abúlé 96 ní agbègbè Tahoua, àwọn kan gbà á lọ́wọ́, àwọn kan gbà á lórí fóònù, onímọ̀ ọrọ̀-ajé Jenny Aker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀lé ohun tó ṣẹlẹ̀; àwọn tó gba tiwọn lórí fóònù kò pàdánù àkókò púpọ̀ lójú ọ̀nà, oúnjẹ wọn sì ní oríṣi ju ti àwọn yòókù lọ. Aker kan náà ti fi hàn ṣáájú pé bí fóònù alágbèéká ti ń dé ọjà kan lẹ́yìn òmíràn láàárín ọdún 2001 sí 2006, ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye ọkà ọjà kan àti ti òmíràn dín ní ìdá 10 sí 16 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí pé oníṣòwò tó wà ní Katako lè pe alágbàtà tó wà ní Maradi kó tó rán ọkọ̀. Ohun tí Smith rò pé ọjà ń ṣe fúnra rẹ̀, ọjà kò ṣe é dáadáa títí ìròyìn fi di olówó pọ́ọ́kú.

Ó ku ẹnubodè. Ricardo ló ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà tó wúlò jù, pé orílẹ̀-èdè méjì máa ń jèrè bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń ṣe ohun tí ipò rẹ̀ fún un láǹfààní sí jù, àní bí ọ̀kan bá tilẹ̀ mọ ohun gbogbo ṣe ju èkejì lọ. Ó fi aṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti wáìnì ilẹ̀ Pọtogí ṣe àpẹẹrẹ. Èrò yìí ni wọ́n fi gbógun ti òfin ọkà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1815, èyí tó dí ọkà òkèèrè mọ́ ìta, wọ́n sì fagi lé òfin náà ní ọdún 1846. Lórí ọ̀rọ̀ ọkà yìí, Smith ti fi àyè kan sílẹ̀ nínú apá kẹrin ìwé rẹ̀ tí ìjọba tó wà ní Niamey ì bá fẹ́ràn láti kà. Ó ní ní orílẹ̀-èdè ńlá bíi Faransé tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìgbà tó yẹ kí wọ́n dí ọkà lọ́nà àtijáde, ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè kékeré, bí àwọn ìlú kékeré Switzerland tàbí Ítálì, ó lè pọn dandan nígbà mìíràn, nítorí pé bí àwọn aládùúgbò bá dí ẹnubodè tiwọn, orílẹ̀-èdè kékeré tó ṣí tirẹ̀ sílẹ̀ lè rí i pé gbogbo ọkà òun ti ṣàn lọ, tí kò sì rí ibi tí yóò ti rà padà. Niger fẹ̀ lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà ọkà rẹ̀ kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Nàìjíríà tó jókòó lábẹ́ rẹ̀, Burkina Faso àti Mali sì dí ọ̀nà ọkà tiwọn ní ọdún 2005, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ECOWAS, àjọ ọrọ̀-ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kò fàyè gbà á.

Ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niamey, ECOWAS dí ẹnubodè, oúnjẹ wọ́n ní Niamey, wọn kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2024. Láàárín àkókò kan náà, náírà ti já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí sèéfà díẹ̀ fi ń ra ọkà púpọ̀ ní Kánò, àwọn aṣọ́bodè Nàìjíríà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọkọ̀ ọkà tó ń jáde padà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ìjọba Niger fòfin de kíkó ìrẹsì, jéró, ọkà bàbà àti àgbàdo jáde, àfi sí Mali àti Burkina Faso.

Oṣù kẹwàá ni àgbẹ̀ Maradi ń kó jéró rẹ̀ wá sí ọjà. Bí ẹni tó ti Nàìjíríà wá kò bá gbọ́dọ̀ rà á, iye rẹ̀ yóò wálẹ̀ ní ọwọ́ àgbẹ̀, ará Niamey yóò sì rí i rà ní ẹ̀dínwó. Ẹnubodè Niger àti Nàìjíríà gùn ju 1,500 kìlómítà lọ, àwọn onífàyàwọ́ sì mọ ọ̀nà inú igbó rẹ̀ ju ẹni tó ń ṣọ́ ọ lọ, nítorí náà díẹ̀ nínú ọkà náà yóò ṣì kọjá, ṣùgbọ́n owó tí onífàyàwọ́ yóò yọ fún ewu ara rẹ̀ àti fún ẹni tó mójú kúrò ní bodè ni yóò ti inú owó àgbẹ̀ wá. Ó di dandan kí OPVN wọ ọjà nígbà náà kó sì ra ọkà lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tó sún mọ́ ti Dawanau, kí ó tò ó sí àká de oṣù kẹfà. Bí kò bá rà á, ẹ̀dínwó tí ará Maourey ń jẹ ní Katako, àgbẹ̀ tó wà ní Maradi ló san án.